Ọwọ́ Òsì Tó Rìnrìn Àjò

Bí wọ́n bá bi mí pé ibo ni ọwọ́ òsì mi wà ní gbogbo ìgbà tí kò fi sí lára mi, màá ní ó rìnrìn àjò. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ mi. Má kọ ọ́ pé ó rọ. Dókítà ló ní ó rọ. Èmi tí mo ni ọwọ́ mọ̀ pé ó lọ ni, nítorí mo rí i nígbà tó ń lọ.

Òwúrọ̀ ni. Mo wà lábẹ́ àtíbàbà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malu Road, níbi tí mo ti ń dirun kí n tó bí ìyá ẹ. Oníbàárà kan jókòó sáàárín orúnkún mi, mo ti dì í dé ìdajì. Àwọn tírélà tò sójú títì bí wọ́n ṣe máa ń tò, eruku ń jó nínú oòrùn. Ni irun tó wà lọ́wọ́ òsì mi bá yọ́ bọ́. Mo wò ó. Mo ní kí ọwọ́ mú un padà, ọwọ́ kò dáhùn. Ó dà bíi pé mo dúró sétí omi ní Marine Beach, tí mò ń wo ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti tú okùn rẹ̀, tó ń sún lọ díẹ̀díẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń tù ú. Kò dùn mí rárá. Ó kàn ń jìnnà ni. Oníbàárà mi ní, "Màmá, ṣé ẹ ti sùn ni?" Mo fẹ́ dá a lóhùn, àṣé ẹnu mi ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é ní ọsibítù. Nígbà tó yá, ẹnu padà sípò. Ẹsẹ̀ òsì tó bá a lọ náà padà. Ó ń wọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé balùwẹ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ni kò bá wọn padà. Ó jókòó sórí itan mi bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún aládùúgbò, tó ní òun ń bọ̀, tí kò wá mọ́.

Àgbàlagbà tó ṣì ní ọ̀tún, kí ló tún ń wá? Orí rẹ ni mò ń wá, ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń kọ ọ́ yìí. Ọwọ́ kan kò lè dirun. Láti ìgbà tí irun ti hù lórí ẹ tó tó dì, kò sí ọwọ́ mìíràn tó kàn án. Èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwa onídìrí mọ̀ pé a kì í gbé orí ọmọ fún gbogbo ọwọ́. Ọwọ́ ẹlòmíràn wúwo, ti ẹlòmíràn ń gbóná. Ìwé yunifásítì rẹ ti jáde nígbà yẹn, o máa lọ tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Irun ti ta kókó lórí ẹ, o wé síkáàfù mọ́ ọn, o ní o ò lọ sí sàlúùnù kankan.

Ìyá ẹ bínú títí. "Ẹ wo orí bí ìtẹ́ ẹyẹ! Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa wọ yunifásítì?"

O ní, "Mò ń dúró de Màmá Àgbà."

"Tí ọwọ́ wọn ò bá wá dìde mọ́ ńkọ́?"

O tún síkáàfù rẹ so. Ẹ rò pé mo ti sùn nínú yàrá, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Mo fi ọ̀tún gbé òsì, mo gbé e lé etí bí ìgbà tí ọmọdé bá gbé ìkarahun òkun létí, bóyá màá gbọ́ ìró ibi tó wà.

Nọ́ọ̀sì kan ló júwe ilé kan fún wa ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń fi orin àti àwòrán àti eré tọ́jú àwọn tí ara wọn kò gbọ́ tiwọn mọ́. Ìyá ẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Eré kẹ̀? Kí wọ́n kúkú gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ fún wọn!" Kò mọ̀ pé òtítọ́ lòun ń sọ. Nígbà tí èmi àti ìwọ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní ẹnu ọ̀nà ilé yẹn, ohun tí a kọ́kọ́ rí ni bàbá méjì nídìí ayò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì wọ́n. Kò wo ẹni tó ń jẹ, ìka wọn ló ń wò.

Ibẹ̀ tutù. Ẹni tó bá ti Àmúkòkò wá, tó ti la ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ìwàásù àti "Mama, how body?" kọjá, etí rẹ̀ á kọ́kọ́ rò pé òun ti di. Igi furúùtù ńlá kan wà nínú ọgbà, ewé rẹ̀ pupa, ó ń já ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn ò lè rí omi láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ òkun bá fọn fèrè, ìró rẹ̀ á gba abẹ́ igi wọlé, á sì wọ inú àyà. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń rò pé ọwọ́ mi wà nínú ọkọ̀ náà, ó ń lọ tàbí ó ń bọ̀, mi ò mọ̀.

Ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà kánfáàsì, tó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni màá máa bá yín ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo nìyẹn?"

"Orin, mà."

"Olórin ni ẹ́?"

"Rárá mà. Orin ni mo fi ń ṣe ìtọ́jú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fi àwòrán ṣe tiwọn, àwọn kan ń fi eré."

"Wọ́n sì ń sanwó fún ẹ?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tí bàbá mi náà béèrè nìyẹn! Wọ́n ní, 'Mo rán ọ lọ síwèé, o lọ kọ́ eré bọ̀.' Títí di òní, tí àwọn èèyàn bá bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní nọ́ọ̀sì ni mí."

O béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ. Ó ní òun kọ́kọ́ kọ́ orin fúnra rẹ̀, kí òun tó lọ kọ́ nípa ara àti ọpọlọ, kí òun tó wá jókòó ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, kí ó máa ṣọ́ òun lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe tí tírélà bá dí Malu Road? A kì í sun ojú títì. A máa ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Orin mọ ọ̀nà ẹ̀yìn nínú ọpọlọ." Mo rí bí ojú ẹ ṣe dúró lára rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù rí, òun ló ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹtéńà. Ní tirẹ̀, apá ọ̀tún ló lọ, ó sì kó ọ̀rọ̀ ẹnu dání. Kò lè ní "ẹ fún mi lómi." Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin yẹn bá ti ta gìtá, bàbá á gbórí sókè, á kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ á máa jáde ní mímọ́ gaara. Bí orin bá parí, ilẹ̀kùn á tún tì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mò ń ronú títí a fi délé: níbo ni àwọn ọ̀rọ̀ yẹn lọ jókòó sí? Bóyá ibẹ̀ náà ni ọwọ́ mi wà. Bóyá wọ́n jọ ń gbélé ni.

A bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré fún mi, ó gbé amọ̀ fún mi kí n pò ó, ó fún mi ní bọ́ọ̀lù tó rọ̀. Mò ń gbà á, mò ń ṣe é, orin ń lọ. Òsì ń sùn. Mo tilẹ̀ máa ń lá àlá rẹ̀ lójú ọ̀sán, pé ó jókòó sétí omi kan, ó ń fi ìka ya omi sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń ya irun, omi sì ń tì padà. Òjò ti ń dínkù. Ìyá ẹ ti ń ra báàgì àti péèlì fún ìrìn àjò rẹ. Orí rẹ ṣì wà nínú síkáàfù.

Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà gbé fóònù rẹ̀ wá. Ó máa ń ya wá ní fídíò kí ó lè tún iṣẹ́ rẹ̀ wò nílé. Ó dà bí ẹni tí ẹ̀rín àti ẹkún ń ṣe pọ̀.

"Màmá, ẹ wá wo nǹkan."

A wò ó. Èmi nìyẹn lórí àga. Òun nìyẹn, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún mi bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ní apá ọ̀tún. Èmi náà gbà á, ní ọ̀tún. Amọ̀, ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù, ọ̀tún. Ní gbogbo ìgbà, mo ti fi aṣọ ìró mi bo òsì mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n kọ́ mi pé ọwọ́ tó ń ṣàìsàn ni kí n máa gbé nǹkan fún. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí yín báyìí, apá mi á kọ̀. Báwo ni màá ṣe na nǹkan sí ọwọ́ òsì àgbà?"

Mo ní, "Èmi náà ńkọ́? Báwo ni màá ṣe fi òsì gbà á?"

Ìwọ lo sọ ọ́ láti ẹ̀yìn wa: "Àṣé ẹ̀kọ́ ilé ló ń ṣe yín!"

A rẹ́rìn-ín títí bàbá wọ́ọ̀fù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tí kò mọ ohun tí a ń rín. Ọmọbìnrin náà nu ojú, ó ní, "Ó dáa. Lónìí màá yájú sí yín, ẹ má bínú." Ó na ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí òsì mi. "Ẹ gbà á, mà."

Mo fẹ́ gbà á. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú mi fà sẹ́yìn, bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń na ọwọ́ yẹn tó bá dá a láṣà. A kì í fi òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ojú tì mí fún un, bí ojú ṣe ń ti ìyá fún ọmọ.

Ọmọbìnrin náà fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Kí ni òsì lè ṣe tí kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́, mà?"

Mo rò ó. "Ó lè wẹ ọ̀tún. Ó lè dirun. Ó lè pàtẹ́wọ́."

"Pàtẹ́wọ́!" Ó ti fò dìde.

Ó gbé àga bàbá wọ́ọ̀fù wá síwájú mi, ó ní ká na àtẹ́lẹwọ́ sí ara wa bí àwọn ọmọbìnrin ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń ṣeré. Wò ó bó ṣe rí: ọ̀tún mi tó yè kọjú sí òsì rẹ̀ tó yè. Òsì mi tó lọ kọjú sí ọ̀tún rẹ̀ tó lọ. Ìwọ lo gbé ìgbọ̀nwọ́ mi, ọmọbìnrin náà gbé ti bàbá. Ó wá hun orin kan lójú ẹsẹ̀:

Ọ̀tún pè é, òsì ò jẹ́,
Òsì wà lódò, ó ń fọ ẹsẹ̀.
Òsì, ilé ń pè ọ́ o,
Ó ní ẹ dúró, òun ń bọ̀.

Bàbá gbé e. A ń kọ ọ́, ọwọ́ yíyè ń lu ọwọ́ yíyè, ọwọ́ méjì tó ti lọ ń kan ara wọn wẹ́rẹ́, láìdún, bí ewé furúùtù ṣe ń kanlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá dé ibẹ̀ ni a ń kọ ọ́. Ó di pé tí mo bá ń ṣe ẹ̀fọ́ nílé, orin náà á wà lẹ́nu mi. Ìyá ẹ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nídìí àdògán, láìmọ̀.

Ọjọ́ tó dé, mi ò tètè mọ̀. Ọkọ̀ òkun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè ni. A ti dé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, ni mo rí i tí ojú bàbá yí padà. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti kú. Ìka mi kan ń họ ọ́ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí onílé. Kò lè pariwo, kò lè ní "ẹ wò ó." Ó fi kọrin. Ó ní, "Òsì dé o, òsì dé." Kò sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú orin. Òun fúnra rẹ̀ ló wá a rí. Ọmọbìnrin náà gbé gìtá kalẹ̀, ó fi ojú pamọ́ sára rẹ̀.

Kò dé tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti àjò bọ̀ a máa kọ́kọ́ sinmi. Mo fi òsì po amọ̀, mo fi bọ ẹ̀gúsí, mo fi di òwú mú.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ, o gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, o jókòó sáàárín orúnkún mi, o tú síkáàfù. Òórùn orí ẹ! Mo bẹ̀rẹ̀ ṣùkú. Ìlà àkọ́kọ́ wọ́, èkejì wọ́ jù ú lọ. Òsì di irun mú bí ẹni di ẹyẹ tí kò fẹ́ pa lára. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán, wọ́n pe àsàárì, a ṣì wà níbẹ̀. Ìyá ẹ ti inú ilé jáde, ó dúró, ó wò ó.

"Irun wo rèé? Ojú ọ̀nà Àmúkòkò kò wọ́ tó èyí."

O ní, "Ẹ fi sílẹ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

"Ṣebí orí ẹ náà ni! O kúkú ti ní orin lo máa lọ kọ́ báyìí." Ṣùgbọ́n kò kúrò. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò wá.

Ó ku ìlà kan. Ọ̀tún mi di irun mú, kò lè jù ú sílẹ̀. Mo ní, "Gbé òòyà fún mi." O gbé e sókè láìwẹ̀yìn. Òsì mi ló nà. Ó nà bí ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ kankan rí láyé, ó gba òòyà lọ́wọ́ ẹ, níwájú ìyá ẹ. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ náà lẹ́gba. Mo fi ya irun rẹ.