Ẹ̀wù Tí Wọ́n Gbé Lé Bàbá Lójú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ọmọdé kan ní gbogbo abúlé ìyá mi tó lè kàwé sókè tó mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹlòmíràn má bàa sọ ọ́ kó bà á jẹ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì ti di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo báyìí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ilé rẹ̀ tó tèmi ní Dàda Estate nínú wọn, kò sì sí èyí tó kàwé fún àgbàlagbà títí ojú àgbàlagbà náà fi là. Èmi ṣe é. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti lá omi kòkó rí títí ètè yín fi lẹ̀ mọ́ra, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Ọmọ Òṣogbo ni bàbá mi, Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi, láti abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, níbi tí bàbá tó bí wọn ti ń dá oko kòkó àti obì. Bàbá Oko là ń pe bàbá àgbà yìí. Aládùúrà paraku ni wọ́n. Ìjọ tiwọn kì í lo oògùn rárá, ì báà jẹ́ ti òyìnbó, ì báà jẹ́ àgbo. Omi àdúrà ni wọ́n fi ń wo ibà, òun náà ni wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ríro, ó sì ń jẹ́ fún wọn, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí àwọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú wọn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n bu omi àdúrà síbẹ̀ títí, ṣe ni àwọ̀ náà ń nípọn sí i. Màmá Oko, ìyàwó wọn, bẹ̀ wọ́n títí pé dókítà ojú wà ní ọsibítù Iléṣà. Bàbá ní ẹni tó dá ojú kò nílò olùrànlọ́wọ́.

Nígbà tí wọn kò rí lẹ́tà mọ́ ni wọ́n ránṣẹ́ sí Òṣogbo pé kí wọ́n yá àwọn ní ọmọ kan tí yóò máa ka Bíbélì fún àwọn. Èmi ni wọ́n yá wọn, èmi ọmọ ilé kéú, tí tàdáwà kò tíì gbẹ lórí wàláà mi.

Ẹ wò ó, Bàbá fúnra wọn ló máa ń jí mi láti kírun àárọ̀. Wọ́n á fi ọ̀pá gún ẹní mi, wọ́n á ní kí n lọ ṣe àlùwàlá. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn yá ni mí, bí àwọn ṣe yá mi ni àwọn máa dá mi padà. Tí mo bá kírun tán, mo di òǹkàwé. Bàbá á jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, èmi á wà lórí ẹní níwájú wọn, Bíbélì Yorùbá ńlá á wà lórí itan mi. Àwọn ọmọ abúlé ń pè mí ní Lèmọ́mù Aládùúrà. Kò dùn mí. Ta ni nínú wọn ló ní oyè méjì?

Bí mo bá kà á tán ni mo tó máa rí iyán àná tí Màmá yan lórí ẹyin iná jẹ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa mí gidi, mo máa ń fo ẹsẹ kan tàbí méjì. Ohun tí n kò tètè mọ̀ ni pé Bàbá ti mọ ìwé náà sórí látẹ̀yìnwá. Wọn kò ní sọ̀rọ̀. Ọwọ́ wọn á kàn rọra wá etí mi kàn, wọ́n á sì fà á títí màá fi padà síbi tí mo ti fò. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, kí ni mo wá ń kà á fún. Wọ́n ní ẹni tó mọ adùn iyán kì í tìtorí ẹ̀ má jẹ iyán mọ́.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, títí ẹnì kan tó wá ra obì lọ́dọ̀ wa fi lọ sọ ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo pé ọmọ bàbá mi ti di wòlíì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ojú àna kò jẹ́ kí bàbá mi lè wá fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn, Alfa Sùnmọ́nù, tó ni ilé kéú tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n rán. Alfa dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àna wọn pẹ̀lú agbádá ńlá, wọ́n sì sọ ohun tó gbé wọn wá: kéú ti ń fò lọ lórí ọmọ, kí n kó ẹrù mi.

Gbogbo wa la mọ ohun tó túmọ̀ sí. Tí mo bá lọ, Bàbá á kàn jókòó sínú òkùnkùn yẹn láìsí ìwé, láìsí ojú. Bàbá ò jiyàn. Wọ́n ní kí wọ́n mú àkùkọ kan, wọ́n na ọ̀bẹ sí Alfa. Wọ́n ní, "Ẹ pa á bí ìwé yín ṣe wí. Bí èmi bá pa á, iyán lásán lẹ máa jẹ." Alfa rẹ́rìn-ín, wọ́n pa á. Bàbá ní kí adìyẹ tó jinná, kí n parí ìtàn tí a wà lórí ẹ̀, kí n tó máa lọ. Ìtàn Jósẹ́fù ni.

Mo kà á bí ẹni ń kọrin. Mo dé ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ ra aṣọ rẹ̀, ni Alfa bá ní ibẹ̀ yẹn wà nínú tàwọn náà, Yúsúfù ni àwọn ń pè é. Wọ́n wá ní tiwa yìí, ìtumọ̀ ni, pé ẹni tó túmọ̀ lè ti já nǹkan sílẹ̀ lọ́nà. Pé tàwọn, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló wà, tí àwọn bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ìtumọ̀ nìyẹn, kì í ṣe Kùránì mọ́.

"Ṣé Ọlọ́run yín ò gbọ́ Yorùbá ni?" Bàbá bi wọ́n.

"Ó gbọ́ dáadáa, Bàbá. Bí ẹ̀yìn bá ń ro mí, Yorùbá ni mo fi ń pè é."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Bàbá ní kí Alfa wá sọ tiwọn kí àwọn gbọ́. Alfa fi ohùn wáàsí bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ké díẹ̀ ní Lárúbáwá, wọ́n á dúró, wọ́n á tú u sí Yorùbá. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí bàbá Yúsúfù ti sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun, Bàbá gbé orí sókè.

"Funfun kẹ̀?"

"Funfun, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Alfa ń bá a lọ. Yúsúfù fi ẹ̀wù rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, wọ́n gbé e lé bàbá náà lójú, ojú sì là. Bàbá ní kí Alfa tún ibẹ̀ sọ. Wọ́n tún un sọ. Bàbá wá kọjú sí mi, wọ́n ní kí n wá ojú Jákọ́bù, bàbá Jósẹ́fù, nínú tiwa. Ọmọ mìíràn ì bá wá a di ọ̀la. Èmi rí i kí ọbẹ̀ tó hó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ pé ogbó mú ojú rẹ̀ ṣú, kò ríran mọ́. Mo kà á lọ títí dé ibi tó kú. Kò síbi tí wọ́n ti ní ó là.

"Tiwa fi ojú bàbá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Bàbá sọ. "Alfa, kí ni bàbá yìí jẹ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Ànọ́bì ni, Bàbá. Wòlíì."

"Wòlíì. Wọ́n gbé aṣọ lé e lójú, kò sọ pé ẹni tó dá ojú kò nílò olùrànlọ́wọ́?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ló wò ó sàn. Ara ẹ̀wù ni ìwòsàn náà gbà wá."

Màmá ti yọ sí ẹnu ọ̀nà ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, kò mira. Bàbá ní kí n bọ́ bùbá mi. Bùbá tí mo fi ń fọ́ kòkó láti ọjọ́ mélòó kan ni o. Wọ́n gbé e lé ojú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, gbogbo wa ń wò wọ́n. Alfa gan-an ti la ẹnu sílẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá ká a kúrò.

"Òórùn kòkó nìkan ni," wọ́n wí. "Ẹ̀wù yìí kọ́. Alfa, irú ẹ̀wù wo làwọn dókítà máa ń wọ̀?"

"Funfun ni, Bàbá."

"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

Alfa kò padà sí Òṣogbo mọ́ lọ́sẹ̀ náà. Àwọn ló di Bàbá lọ́wọ́ mú lọ sí Iléṣà, àwọn ló sì ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Màmá ń kọrin ìsìn lódì kejì. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èmi ni Bàbá kọ́kọ́ rí. Wọ́n wò mí fín-ín, wọ́n ní àwọn rò pé mo rẹwà jù báyìí lọ. Àwọn ará ìjọ wọn bínú, wọ́n dá wọn padà sí ìjókòó ẹ̀yìn fún sáà kan. Bàbá ní kò burú, pé láti ẹ̀yìn ni àwọn ti ń rí gbogbo wọn.

Wọ́n fi dígí ojú ka ìwé wọn fúnra wọn títí wọ́n fi kú. Èmi padà sí kéú. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, Bàbá di obì fún Alfa, wọ́n ní àwọn dá ọmọ padà bí àwọn ṣe yá a, àfi pé kò fo ẹsẹ mọ́.

Ayé ti yí. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ní Ikeji-Arakeji ní ìwé méjèèjì nínú fóònù rẹ̀, ní èdè tó bá wù ú. Ẹ tún gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà lórí Wọ́sáàpù, ẹsẹ ni wọ́n ń sọ lu ara wọn bí òkò. Kò sí ẹni tó ń dúró kí adìyẹ jinná mọ́. Ojú tèmi náà ti ń ṣe bàìbàì, dókítà ti dá ọjọ́ fún mi, n kò sì bá a jiyàn. Ọmọ mi ní kí n má ṣèyọnu, pé fóònù lè máa kàwé fún mi. Ó tẹ̀ ẹ́, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn Yúsúfù lọ geere. Mo ní kó pa á, kó fi ẹnu ara rẹ̀ kà á. Ó kà á. Nígbà tó ṣe, ó fo ẹsẹ kan, mo sì na ọwọ́ wá etí rẹ̀.