Bàtà Yọ Lẹ́sẹ̀ Mi, N Kò Mọ̀

Bàbá Hausa kan tó ń ti bárò ló pè mí padà lọ́nà ọjà Kúbwà. "Kai, Sístà! Bàtà!" Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí bàtà mi ti òsì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ilẹ̀: ẹsẹ̀ mi wà lásán nínú iyanrìn gbígbóná, n kò sì mọ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà, ó tún ń bà mí lẹ́rù pé ẹ̀rù ń bà mí jù. Bí mo ṣe rí nìyẹn.

Mo ti parí yunifásítì àti ìsìnrú ìlú, mò ń wáṣẹ́, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò ìyá mi tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Láti yunifásítì ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ bíi ti Dáníẹ́lì: kò sí ẹran, kò sí ẹja, ẹyin tàbí wàrà, títí n ó fi ríṣẹ́. Wọ́n ń yìn mí fún un ní ìjọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàtà, ó ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ahọ́n mi pupa, ó ń ta mí. Níbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ kan, wọ́n bi mí ní ohun tí mo kọ́ nílé ìwé, mo sì dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, n kò kàn rí i mú ni. Mo sunkún délé, kì í ṣe nítorí ìtìjú nìkan; ó jọ pé èmi gan-an ni mò ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ọfà ni wọ́n ta sí ọ," ni Àǹtí wí. Ó ní kí n fi ààwẹ̀ gbígbẹ kún un. Bí kò bá san, òun yóò mú mi lọ sórí òkè àdúrà nílùú wa, n ó sì máa gbé ibẹ̀ títí orí mi yóò fi pé.

Títí orí mi yóò fi pé! Mo mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pe ọmọbìnrin tó bá ti irú ibẹ̀ bọ̀: wèrè.

"N kò ní lọ, mà."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ má bínú. Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ."

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláboyún àtàwọn tí ibà ń ṣe títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Dókítà, ìyá àgbà ará Ògbómọ̀ṣọ́, fi irin tútù kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi. N kò mọ̀ ọ́n lára. Ó bi mí ní ohun tí mo máa ń jẹ. Mo ní gaàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tí kò ní ẹja. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ewúrẹ́ ni ọ́?"

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé fítámì B12 ti tán lára mi. Bó ṣe yé mi nìyí: àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ àti ẹsẹ̀ ní ìbora, bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná. Fítámì yìí ni ara fi ń tún ìbora náà ṣe, òun náà ló fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà. Ẹ̀fọ́ dára, ṣùgbọ́n kò ní in. Ara máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ìdí nìyẹn tí àìtó rẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó hàn. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ti B12 o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi tọ́jú mi. Ó dùn mí débi pé ìdí kan ni mo fi ń jókòó.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ àdúrà ìjọ wa wá sílé, mo dín ẹyin. Òórùn rẹ̀ gba pálọ̀ kan.

"Ẹ̀jẹ́ rẹ ńkọ́?" ni Àǹtí bi mí lójú gbogbo wọn.

"Àǹtí, Ẹni tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ló fún mi ní ọpọlọ. N kò ní jẹ́ kó gbẹ kí n tó dá a padà fún un."

Ẹnì kan fi Bíbélì bo ẹ̀rín. Mo jẹ ẹyin náà tán níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ padà sí mi lẹ́nu kí ẹsẹ̀ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan lára. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ṣì kú díẹ̀ títí di òní. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tún pè mí fún iṣẹ́ mìíràn, mo fi ẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìrora náà gòkè dé eyín mi.

"Ẹsẹ̀ òsì!" ni Àǹtí kígbe. "Kì í ṣe ẹsẹ̀ ire ní ìdílé wa. Padà wọlé, jókòó ná."

Mo di ẹsẹ̀ náà mú, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti bá mi sọ̀rọ̀. Mo kí i káàbọ̀ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

"Àǹtí, ó dùn mí!"

"Mo rí i. Wọlé!"

Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo mọ̀ pé mo wọ̀ ọ́, mo sì lọ.