Oògùn Tí Màmá Mi Ń Dúró Dè

Àṣà kan wà nílé wa tí màmá mi kì í fi ṣeré. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ohun tí wọ́n bá ti wí, abẹ gé e. Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ọmọ wọn bá ṣe, àwọn ni wọ́n ni ín. Fóònù tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́kọ́ tún ṣe ní Computer Village, ọwọ́ wọn ló já sí. Búrẹ́dì tí àbúrò mi obìnrin kọ́kọ́ yan ní Agége jóná nísàlẹ̀, síbẹ̀ wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ṣàdúrà fún un. Ó wá ku èmi.

Yàrá ìwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Àgídìngbì. À ń fi oògùn jẹjẹrẹ sínú ẹ̀kán ọ̀rá tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, kó lè lọ tààrà síbi tí àrùn wà, kó má ba ibi tó dá ṣáṣá jẹ́. Bí mo bá ti wọlé, màmá mi á ní, "Oògùn tó mọ̀nà yẹn ńkọ́?" Mà á ní, "Ó ń bọ̀, Mọ́mì." Bí a ṣe máa ń dá òbí lóhùn náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ilé ìwòsàn ti gé ọmú ọ̀tún wọn nítorí jẹjẹrẹ. Dókítà ní họ́mónù, ìyẹn ohun tí ara obìnrin ń ṣe fúnra rẹ̀, ló ń bọ́ àrùn náà. Wọ́n wá fún wọn ní oògùn tí wọn yóò máa lò lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí oúnjẹ yẹn má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó má baà padà wá. Oògùn náà ń mú ooru wá. Màmá mi á jókòó síwájú fáànù, wọ́n á máa bú ooru náà bí ẹni ń bú àyálégbé tó kọ̀ tí kò kó jáde.

Nígbà tó yá, ooru náà lọ. Wọ́n ń sùn dáadáa, inú gbogbo wa sì dùn. Ọlọ́run ti ṣe é, là ń wí.

Ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n la lọ ya fọ́tò egungun. Àrùn ti dé ibẹ̀. Dókítà béèrè ìgbà tí wọ́n lo oògùn gbẹ̀yìn. Ojú mi ni màmá mi ń wò, wọn ò wo dókítà.

"Mo ti dá a dúró tipẹ́. Mo fẹ́ kí inú mi mọ́ de oògùn ọmọ mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ọwọ́ ẹ̀ ni, mi ò fẹ́ po òmíràn mọ́ ọn."

Inú bí mi gan-an. Ta ló ní kí wọ́n dúró? Lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là á yé wọn pé ara eku la ṣì ń dán an wò, pé ó lè pẹ́ gan-an kó tó kan èèyàn, ó sì lè má kàn án rárá. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi ò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Màmá mi tún ìborùn wọn wé. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ṣé eku ló wá ń jẹ tèmi? Ó dáa náà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ sì ni, ara ọ̀pọ̀ nínú àwọn eku wa ń yá. Màmá mi kò bá wa wọ ọdún tuntun.