Ọjọ́ Tí Gbogbo Ilé Wa Bá Pẹ́dà Jà

Òórùn kẹrosíìnì ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Mo ti kírun àṣùbáà, mo ti padà sùn, kí òórùn náà tó wọlé wá bá mi lórí ẹní. Nígbà tí mo máa jáde sí àárín agbo ilé wa n'Ílọrin, bàbá mi ti dojú kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá àgbà délẹ̀, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ pa kẹrosíìnì mọ́ ọn lára. Láti ọjọ́ tí bàbá àgbà ti kú ni kẹ̀kẹ́ náà ti wà lẹ́yìn ilé. Òjò ń pa á, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, gbogbo irin rẹ̀ ló ti dípẹtà.

Èmi ni mo dá wàhálà sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ilé ìwé girama kan lápá GRA, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó fẹsẹ̀ rìn nígbà náà ẹ mọ̀ pé kì í ṣe eré. Gbogbo ọlidé ni mo fi bẹ̀bẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ yẹn. Pẹ́dà méjèèjì, ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ti jẹ tán. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ní kí wọ́n ra tuntun wá fún mi lójú pópó Táíwò, bàbá mi ò sì lè kọ̀ fún ìyá wọn. Bàbá mi wá sọ fún mi pé: "Rábì, bí ti àtijọ́ bá yọ, kẹ̀kẹ́ di tìẹ. Bí kò bá yọ, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló máa gbé e lọ lónìí." Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n sọ ọ́. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀.

Àfáà oníkéú ni bàbá mi, ọ̀tún sì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Ọ̀tún ni wọ́n fi ń wọ bàtà, ọ̀tún ni wọ́n fi ń wọ mọ́sáláásí, bí wọ́n bá ń gé èékánná pàápàá, ọ̀tún ni. Torí náà pẹ́dà ọ̀tún la kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n ṣe Bísímílà, wọ́n fi sípánà yí i sọ́wọ́ òsì, ó ké fíìn, ó sì tú. Wọ́n gbé e sókè hàn wá. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko."

A wá yí pẹ́dà òsì bí a ṣe yí ti ọ̀tún. Kò mira. Bàbá da kẹrosíìnì sí i, wọ́n tún yí i, ó tún le sí i. Ìyá àgbà gbé adín tiwọn jáde, wọ́n ní kẹrosíìnì ò mọ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́. Ìyá mi da omi gbígbóná lé e, omi tó yẹ kí a fi po ògì, báyìí ni ebi tún kún un. Àwọn ọmọ kéú dé pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, bàbá mi ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ kí wọ́n wá di kẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n so ọmọ odó mọ́ sípánà kí ó lè gùn, gbogbo wa sì so rọ̀ mọ́ ọn. Ta ló tún ń rántí ẹ̀sọ̀? Fìlà bàbá mi ti bọ́ sínú adín. Ìyá àgbà wá ń bá òkú ọkọ wọn sọ̀rọ̀: "Bàbá Sùlè, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọmọ yín ló ń bẹ̀ yín, ẹ tú u sílẹ̀." Wọ́n mi orí. "Agídí yín náà nìyí. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe láyé."

Ìgbà náà la gbọ́ ohùn àwọn tó ń ti ọmọlanke ra irin àlòkù. Mo bú sẹ́kún. Wàláhì, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ.

Bàbá mi nu ojú. Wọ́n ní ó tán, ṣùgbọ́n àwọn ò ní gbé e fún èèyàn ní jákujàku. Wọ́n de pẹ́dà ọ̀tún padà, ó le dáadáa. "Ẹ jẹ́ kí n fún ti òsì náà." Wọ́n gbá ọmọ odó mú, wọ́n yí i sọ́wọ́ ọ̀tún láti fi fún un. Ó ké, ó yí, ó tún yí, ó sì já bọ́ sílẹ̀ gbì.

 Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ lanu: "Alàámúdù lílàì. Ó gbọ́."

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé òdì ni wọ́n ṣe pẹ́dà òsì gbogbo kẹ̀kẹ́. Ibi tí ti ọ̀tún ti ń tú ni tirẹ̀ ti ń fún. Láti àárọ̀ la ti ń fi agbára, adín àti omi ògì dè é mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo ará ilé ń jó, bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún lọ sílé ìwé, wọ́n ká jalàbíyà wọn sókè, wọ́n sáré tẹ̀lé mi dé GRA, wọ́n ń pariwo pé mọ́tò ń bọ̀. Ojú tì mí gan-an níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Ọmọ mi obìnrin ti gba láísẹ́ǹsì báyìí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun dá wa mọ́tò mi lọ sí Táíwò. Gíà mọ́tò náà ti gan, ó ti pẹ́. Mo fẹ̀yìn tì, mo rẹ́rìn-ín, mo ní bí wọ́n bá lè tún un ṣe, kó máa wà á lọ. Àná ni mẹkáníìkì pè pé ó ti ń ṣiṣẹ́. Àyà mi já pàà. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé bàbá òun ń bá pẹ́dà jà kí ó lè yọ. Ìyá tí mo dà yìí mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, pé wọn ì bá má ṣèlérí ká ní wọ́n mọ̀ pé ó lè yọ.

Ọ̀la ló ń lọ. Mo ti sọ fún un pé èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ rà ní Táíwò. N kò ní nǹkan kan í rà.