Kòkó Ọ̀tá Wa Lọ́jọ́ Òjò

Ní kékeré mi, ní àbà kòkó wa lẹ́bàá Oǹdó, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kí. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ẹ gbọ́ o: ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ kí àgbà, irú èwo nìyẹn! Ṣùgbọ́n bàbá wa ló pàṣẹ. Oko ọkùnrin náà bá tiwa pààlà, ó sì ní bàbá wa hú peregún ojú ààlà kúrò kí ó lè jẹ wọ ilẹ̀ òun. Bàbá wa ní irọ́ gbuu ni. Ọ̀rọ̀ náà le títí ó fi dé kóòtù ní Àkúrẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kọjá lójú ọ̀nà àbà, inú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì wọ̀. Bàbá wa jókòó níwájú, ọ̀tá rẹ̀ lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ọ̀kan ń wo igbó, èkejì ń wo ọ̀run. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Kòkó wà lórí ẹní lójúde wa lọ́jọ́ náà, ó wà lójúde tirẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kòkó inú agolo nìkan, ẹ ò lè mọ̀: bí òjò bá pa kòkó tó ti ń gbẹ, bíbu ni yóò bu, ẹni tó ń rà á kò sì ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Owó kòkó tiwa yẹn ni wọ́n fẹ́ fi rán mi lọ sí iléèwé ní ìlú. Mo ti ń fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi.

Lẹ́yìn ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. A dìde láti kó tiwa, ni ìyá wa bá nawọ́ sí òdìkejì.

"Tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kó. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ wẹ ọmọ ní Ìgbàrà-Òkè, kò sẹ́nì kankan nílé."

Ẹ̀gbọ́n mi yarí. "Màmá, kòkó ẹni tó gbé wa lọ sí kóòtù? Kí òjò wá pa tiwa?"

"Àwa pọ̀ nílé, òun ńkọ́? Ó yá, ẹ sáré! Àbí ẹnu lásán lẹ fi ń ṣe Àmín ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

A kó o. Mo ń kó, mo ń sunkún, nítorí mo rí iléèwé mi tó ń lọ. Bí a ti gbé apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn wọ ilé rẹ̀ ni òjò dé, kò sì ṣe é bẹ̀. Díẹ̀ la rí kó nínú tiwa, ìyókù rin gbingbin.

Nígbà tí bàbá wa dé, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. "O kó ti ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ mi, o fi ti ọmọ rẹ sílẹ̀!" Ìyá wa kàn gbé oúnjẹ fún un. Èmi ò tiẹ̀ jẹun, inú ń bí mi sí ìyá wa gan-an.

Ilẹ̀ mọ́, àfi ọkùnrin náà gbàgà lójúde wa, àpò kòkó gbígbẹ lórí rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìyá wa.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ àná. Ẹ gba èyí tó gbẹ, kí ẹ fún mi ní tútù yẹn. Èmi ni màá sá a." Omi lé ròrò sí i lójú.

Bàbá wa ti jáde. Ó fa àga sún mọ́ ọkùnrin náà, ó ní, "Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn. Wọ́n jọ padà sí Àkúrẹ́ lọ gbé e kúrò, lọ́tẹ̀ yìí orí bẹ́ǹṣì kan náà nínú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí. Èmi náà lọ sí iléèwé, mo di tíṣà, iṣẹ́ tíṣà ni mo fi kọ́ ilé tí à ń gbé yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní irú ìyá bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn náà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ayé ti yí padà. Abẹ́ òrùlé kan náà là ń gbé ní Àkúrẹ́ báyìí, síbẹ̀ oníkálukú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àbí ẹ rò pé mi ò rí yín lánàá? Òjò ṣú, ẹ ká aṣọ wa lórí okùn, ẹ fi ti ayálégbé wa sílẹ̀, nítorí ó bá wa jà lórí ariwo jẹnẹrétọ̀. Aṣọ iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mi ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú wo òkè, ó tún ti ń ṣú. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n sáré mọ́, ẹ̀yin lẹ lẹ́sẹ̀.

Tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ká.