Òwú Funfun Lára Ṣòkòtò Dúdú

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá obìnrin télọ̀ kan dùbúlẹ̀, kò sí ohun tó ń wù ú mọ́. Aṣọ ni wọ́n fi bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni bo òkú. Nọ́ọ̀sì ní kó máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó má sì fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Ni ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tí kò se omi rí, bá di agbọ́únjẹ. Ó tún gbin efinrin sínú agolo lójú fèrèsé, ó ń rẹ ẹ́ sómi gbígbóná fún un. Ìyàwó á tọ́ ọ wò, á kọjú sógiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ fi òwú funfun rán etí ṣòkòtò dúdú rẹ̀ tó tú. Ìyàwó wò ó títí.

"Bàbá wọn, kí lẹ fi ṣòkòtò yìí ṣe? Ṣé kò sí télọ̀ nílé yín mọ́ ni?"

Ó já ṣòkòtò gbà, ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Háà! Orí bàbá wú. Ṣé ẹyin ni, àbí ewé, àbí oògùn? Kò mọ̀.

"Ẹ má dúró bí igi," ni ìyàwó wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ebi ń pa mí."