Báàgì Inú Búùtù

Ọkọ mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Tòkunbọ̀ tó ti Japan wá ni, búùtù rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ bí a bá ń ti Oǹdó bọ̀, orí ìjókòó ẹ̀yìn ló ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fún wa sí. Àwọn ọmọ á ká ẹsẹ̀ sókè títí dé Àkúrẹ́. Bí mo bá pariwo, á ní, "Búùtù ti kún." Kí ló kún un? Bí ọkọ̀ bá sì bọ́ sí kòtò, mo máa ń gbọ́ nǹkan tó ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́yìn wa.

Kí n tó bí àwọn wọ̀nyí, mo ti bí ọmọbìnrin kan. Kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn àgbà lọ sin ín, wọn ò jẹ́ kí n mọ ibẹ̀, torí òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Ìyá ọkọ mi kó gbogbo ohun tí mo rà sínú báàgì, ó ní kí ọkọ mi lọ dà á sódò Àlà kí ọmọ náà má baà padà wá. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni gbogbo wọn ń wí. Mo ní omi yẹn gan-an ni mò ń wá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Ọkọ mi gbé báàgì jáde, ó padà lọ́wọ́ òfo, inú sì bí mi sí i fún ọdún gbọgbọrọ.

Nígbà tí ọkọ mi kú, tí a sin òun náà sí Oǹdó, àbúrò rẹ̀ bá mi wo ọkọ̀, bóyá taya sípíà ṣì wà níbẹ̀. Búùtù ṣófo. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Kò sí taya. Báàgì ọmọ mi ni mo rí, àti fìlà ọkọ mi tó fi wé ohun ìṣeré tí a ń mì fún ọmọ jòjòló.

"Ìyàwó wa," àbúrò rẹ̀ ti sún sẹ́yìn, "jẹ́ kí n bá ọ dà á nù. A kì í tọ́jú irú ẹ̀."

"Ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ rí i!"

Mo mi ìṣeré náà. Ṣẹkẹṣẹkẹ. Háà, ìbá sọ fún mi! À bá jọ máa gbọ́ ọ.

Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ náà báyìí, báàgì sì wà ní àyè rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí ìyá ọkọ mi. Òun náà ò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn mọ̀lẹ́bí sì ti pín ẹrù ọkọ mi tán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ìyàwó mi, fìlà rẹ̀ kan ṣoṣo náà ò ṣẹ́ kù?"

Omi ló dànù. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ṣí búùtù, mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ó rí fìlà náà, ó rí báàgì, ó sì dá a mọ̀. Mo ní, "Ẹ mú ti ọmọ yín, mà. Ẹ fi ti ọmọ mi sílẹ̀."